Ọ̀rọ̀ Jámánì Tí Mo Fi Di Ẹrù Àwọn Àlàájì ní Jídà

Kọ̀ntéínà tí mo fọwọ́ ara mi di ẹrù sí ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín títì Jídà lọ́sàn-án gangan, bí erin tí ọdẹ yìnbọn fún, tí omi sámúsámù, omi mímọ́ tí àwọn Àlàájì ń gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, ń ṣàn jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ń bí mi. Àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò wọn, wọ́n ń fi ife gbọ́n omi náà, wọ́n ń fi ike gbọ́n ọn, ọkùnrin kan tí kò rí nǹkan mú bọ́ fìlà orí rẹ̀. Ológbò kan wá lá nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ológbò yẹn kò ti jí ẹja ẹlẹ́ja mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ẹlẹ́ja Jídà.

Èmi àti awakọ̀ gba ojú fèrèsé jáde, a kò fara pa, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Ọ̀gá mi, Àlàájì Ṣíttù, tó ń fi mọ́tò kékeré tẹ̀ lé wa bọ̀ lẹ́yìn, sáré dé. Kò wo awakọ̀. Kò wo omi. Èmi ló na ìka sí.

"Láṣísì, wo ohun tí o ṣe."

Mo ní, "Èmi?"

"Ta ló di ẹrù náà?"

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí, orí ìbéèrè yẹn ló dúró lé. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn mú un bọ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní Ìkirè kí bàbá mi tó sọ pé kòkó kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí n máa bọ̀ lóko. Ibẹ̀ ni mo ti ń to àpò kòkó sínú ọkọ̀. Mo mọ̀ ọ́n tò débi pé ọkọ̀ kan tí mo dì lọ́dún kan kọ̀, kò tú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí ogun Kúwéètì parí ni mo lọ sí Mẹ́kà, mo ṣe Háájì, mo sì pàdé Àlàájì Ṣíttù ní Ṣarafíyà, àdúgbò tí àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ ní Jídà pọ̀ sí bí eèrà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ kágò ló ń ṣe: yóò gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn Àlàájì àti Àlàájà tó ń padà sílé, yóò dì í sí kọ̀ntéínà, yóò fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí Àpápá. Ó bá mi wá kàfíìlì, ìyẹn Lárúbáwá tó ń dúró fún àlejò lọ́dọ̀ ìjọba. Abẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn lèmi àti ọ̀gá mi jọ wà. Ìkáámà mi, ìwé tó fún mi láṣẹ láti gbé ìlú, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Bó bá yọwọ́ lọ́rọ̀ mi láàárọ̀, bàálù ni mo máa ti jẹun ọ̀sán.

Kọ̀ntéínà tí mo kọ́kọ́ dì ní Jídà, mo rò pé orin ni wọ́n máa fi kọ. Kápẹ́ẹ̀tì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, fílásìkì, fáànù, tẹ̀sùbáà, dàbínù, gbogbo rẹ̀ ni mo kó wọlé. Nígbà tí a gbé e dé èbúté, òyìnbó kan dúró níbẹ̀ tó pupa bí edé. Dítà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ inú kọ̀ntéínà wò kí wọ́n tó gbé e sórí ọkọ̀, nítorí ẹrù tí a kò dì dáadáa lè pa ọkọ̀ ojú omi tòun tèèyàn inú rẹ̀. Ó wọlé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó fi ìka kan ti ìkòkò kan. Ìkòkò yẹn bá ìkejì sọ̀rọ̀, ìkejì bá ìkẹta, gbogbo ẹrù mi sì wó lulẹ̀ níwájú mi.

Lárúbáwá èbúté ni àwa méjèèjì ń sọ, èyí tí kò ní orí, tí kò ní ìrù. Dítà ní, "Hádà máfì stauen." Ìyẹn ni pé, èyí kì í ṣe stauen.

Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀, ó ń dún bíi ṣitáwùn. Ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí n tún un dì. Oòrùn Jídà ọjọ́ náà, bí adìyẹ bá yé sórí irin, dídín ni ẹyin rẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀. Mo bú u ní Yorùbá láti ìran rẹ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tí kò tíì bí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Tàyíbù, tàyíbù," ìyẹn ni pé ó dára, bí ẹni pé àdúrà ni mo ń ṣe fún un.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo ń bú. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀. Ohun tó bá fúyẹ́, òkè. Àlàfo kò gbọ́dọ̀ sí. Dítà á ki ọwọ́ bọ àárín ẹrù méjì; bí ọwọ́ bá wọ ibẹ̀, yóò fi ọwọ́ náà gbá mi létí díẹ̀, yóò ní, "Ibi tí ọwọ́ bá wọ̀, òkun á wọ̀ ọ́." Ohun tó ń rìn, bí omi àti òróró, ìsàlẹ̀ ni kó jókòó sí, kí ohun tí kì í rìn yí i ká. Kò ju ọdún kan lọ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo di kọ̀ntéínà kan tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ṣí i ní Àpápá, èémí Jídà ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ọjọ́ kan tí à ń mu ṣáì lábẹ́ òjìji kíréènì, mo bi Dítà pé ṣé ẹrù nìkan ni wọ́n ń fi stauen ṣe nílùú wọn. Ó ní rárá. Bí wọ́n bá fi igi àti òkúta dí odò kí omi má lè kọjá, stauen ni. Bí mọ́tò bá dúró jọ lójú títì tí kò síwájú tí kò sẹ́yìn, àwọn náà ń stauen ara wọn. Bí wọ́n bá so okùn mọ́ ẹsẹ̀ èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ kó jọ sójú kan, ó wà nínú rẹ̀. Ó mu ṣáì rẹ̀, ó wo ojú mi dáadáa.

"Ìbínú náà," ó ní. "Èèyàn tí kò sọ ti inú rẹ̀ jáde. Ìbínú á máa kún lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ògiri náà, bó bá wó ńkọ́?"

"Kí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò máa sá."

Mo bi í pé kí ni ẹrù, odò, mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ àti ìbínú bára wọn tan sí, níbo sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó gbọn orí. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ sísọ, ìyá òun kò sì sọ ibi tó ti rà á. Àṣé ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ òun náà lọ́kàn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ ó tọ̀ mí wá. Ó ní òun mọ̀ pé mo máa ń lọ kírun Jímọ́ọ̀ ní Mẹ́kà, pé àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ níbẹ̀, kí n bá òun béèrè. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ. Pátákó wà lójú ọ̀nà tó ń yà àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí sọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ pátákó yẹn sì ni ìrìn rẹ̀ ń pin sí.

Mo lọ bá Ààfáà Múídíìnì ní Abidíyà, nínú ọgbà yunifásítì tó wà lọ́nà Árífà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá. Ó kọ́kọ́ rò pé ara mi kò yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi gbogbo ìbéèrè tó wà láyé sílẹ̀, ẹ wá Mẹ́kà wá bi mí nípa ọ̀rọ̀ Jámánì?"

Mo ní, "Ààfáà, bẹ́ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún un nídìí. Olùkọ́ rẹ̀ kan ti kàwé ní Jámánì rí, ó sì ní ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ ìdílé àwọn ọ̀rọ̀ wọn sí. Nígbà tí mo padà lọ ní Jímọ́ọ̀ kejì, Ààfáà ti ń dúró dè mí. Ó ní àwọn ará etíkun, níbi tí ilẹ̀ Jámánì ti tẹ́ lápá àríwá, làwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà, kó tó di ti gbogbo wọn. Àtìgbà láéláé ni ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti jẹ́ ẹyọ kan: kí a mú nǹkan dúró. Ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ náà àti èyí tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn dìde dúró. Omi tí a mú dúró, mọ́tò tó dúró, ẹ̀jẹ̀ tó dúró, ìbínú tó dúró sínú, ẹrù tí a mú dúró kí òkun má baà gbé e ṣubú.

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín ṣe é lókè Árífà. Wúkúfù, ìdúró, kí ni Háájì láìsí i? Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti mú wákáfù, dúkìá tí wọ́n dá dúró nítorí Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà. Àwọn Lárúbáwá náà fi ìdúró bí ọmọ tó pọ̀."

Mo gbé iṣẹ́ náà dé èbúté. Dítà tẹ́tí títí mo fi parí, ó bọ́ akẹtẹ̀ rẹ̀. "Láṣísì," ó ní, "o lọ sí Mẹ́kà lọ mú ọ̀rọ̀ ìyá mi wá fún mi." Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbá mi létí mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó bí mi nínú.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ìjọ kan láti Ìwó ló kó ẹrù tọ̀ wá wá. Àlàájà Sìfáwù ni olórí wọn, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Kẹ́ẹ̀gì omi sámúsámù tí wọ́n gbé wá kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Gbogbo ẹni tó bá ti bá àwọn èèyàn wa ṣiṣẹ́ kágò mọ bí a ti ń ṣe omi yìí. A kì í gbé e sílẹ̀ bí omi lásán, a kì í fẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, bàtà kò sì gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀. Àlàájà ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sókè ẹrù, kó lé kápẹ́ẹ̀tì lórí bí adé.

Mo pe Àlàájì Ṣíttù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àlàájì, omi ni. Ó wúwo, ó sì ń rìn. Bó bá wà lókè tí ọkọ̀ bá yà, gbogbo rẹ̀ máa yà tẹ̀ lé e."

"Ohun tí oníbàárà fẹ́ ni ká ṣe."

"Dítà ní—"

"Ṣé Jámánì ló ń bọ́ ẹ ni? Kèfèrí tí kò dé Mẹ́kà rí, òun ló máa kọ́ wa bá a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún sámúsámù? Gbé e sókè, jàre."

Mo dúró níbẹ̀. Mo mọ ohun tó tọ́. Gbogbo ara mi mọ̀ ọ́n. Mo sì gbé e sókè, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn èkejì. Mo ń ráhùn sínú bí ìkòkò tí wọ́n dé ní ìdérí. Awakọ̀ dé oríta kan tó yí po, ó yà, omi náà yà, ẹ sì ti gbọ́ ìyókù.

Dítà dé lọ́jọ́ náà, nítorí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó gbà á síṣẹ́ ló ni kọ̀ntéínà. Ó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó jáde, ó mú bébà.

"Ta ló dì í?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n—"

Ó ti kọ ọ́: wọ́n dì í lódì, Láṣísì ló dì í. Mo ní, "Dítà, ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n pàṣẹ fún mi ni. Kí ló dé tí o kò kọ ìyẹn?"

Ó wò mí bí ìgbà tí ìkòkò mi wó. "Òkun kì í béèrè ẹni tó pàṣẹ," ó ní. "Ọwọ́ tó di ẹrù ni ọwọ́ tó dì í. O mọ̀ ọ́n, o sì gbé e sókè."

Ìbínú tí mo bí sí i lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá fi se ẹ̀wà, á jinná kí wọ́n tó dáná. Nígbà tí mo délé tí mo rò ó, mo rí i pé èmi ni mò ń bínú sí, èyí sì tún dá kún un.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì Ṣíttù tẹ́ bébà mìíràn síwájú mi, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó kà á fún mi. Ó wà níbẹ̀ pé èmi nìkan ni mo gbé omi sókè, pé ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi, mo ṣe orí kunkun. Kàfíìlì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, bébà yìí ni wọ́n sì máa gbé lọ bá a.

"Tẹ ìka rẹ síbẹ̀," ni Àlàájì wí. "Bí o bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n máa dá ẹ padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, mo máa jẹ́ kó le."

Ìkáámà mi ló fẹ́ lọ yẹn o, àti orúkọ mi pẹ̀lú. Ta ló máa gbé ẹrù fún ẹni tó da omi sámúsámù nù lójú títì? Mo ní kó fún mi láyè di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwọn ará Ìwó dé láti wá wo bí a ṣe máa tún ẹrù wọn dì. Kápẹ́ẹ̀tì wọn ti gbẹ lórí òrùlé, wọ́n ti gba omi sámúsámù mìíràn, kọ̀ntéínà tuntun sì ti ṣí ẹnu sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àlàájà Sìfáwù kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló gbé omi wa ṣubú?"

Àlàájì Ṣíttù na bébà sókè. "Láṣísì ni, Àlàájà. Ó ti fẹ́ tẹ ìka sí i."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ògiri tí Dítà wí, mo gbọ́ bó ṣe ń sán nínú mi. Mo wọ ẹnu kọ̀ntéínà, mo yí padà, mo dúró sí àárín ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Àlàájà, èmi ni mo dì í," mo ní. "Ọwọ́ mi yìí ni. Mo mọ̀ pé yóò ṣubú, mo sì dì í bẹ́ẹ̀ nítorí ẹnu mi kò gbó tó. Ẹ bá mi wí, mo gbà. Àmọ́ ọ̀gá mi ní kí n gbé e sókè, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀, ẹ ní kó lé kápẹ́ẹ̀tì lórí bí adé. N kò ní fi ìka mi tẹ irọ́."

Àlàájì Ṣíttù ní, "Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀."

"N kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù kan kò sì ní wọ ibí yìí àfi tí omi bá kọ́kọ́ wọlé, kó lọ sísàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀?" Àlàájà ti sún mọ́ mi. "Kí bàtà àti ìkòkò jókòó lé sámúsámù lórí? Ìwọ Láṣísì, ṣé Mùsùlùmí ni ẹ́?"

"Bàtà kò ní gorí ẹ̀, Àlàájà. Kápẹ́ẹ̀tì ìkírun yín ni màá tẹ́ lé e, bàtà á wà lódì kejì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ sọ fún mi. Kànga sámúsámù, níbo ló wà?"

"Ní Mọ́sáláṣí Ńlá, níbo ni ì bá tún wà?"

"Ṣé orí òrùlé Mọ́sáláṣí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí?"

Ẹnì kan tú ẹ̀rín jáde lẹ́yìn. Àlàájà kò rẹ́rìn-ín.

"Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló wà," mo ní. "Ọlọ́run tó dá a, abẹ́ òkúta ló fi í sí, àwa ń kírun lókè. Kò bú u. Ibi tó ti lè dúró ló fi í sí. Ẹ̀yin wá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tó dá a lọ, ẹ gbé e gun orí ẹrù, títì sì mu ún."

Àlàájà yí sí ọ̀gá mi.

"Ṣíttù," ni Àlàájà wí, kò fi Àlàájì kún un. "Ṣé ọkùnrin yìí sọ fún ẹ pé yóò ṣubú?"

"Àlàájà, ẹ̀yin lẹ ní—"

"Èmi mọ ohun tí mo ní. Oníbàárà ni mí, n kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ kágò. Ṣé ó sọ fún ẹ?"

Àlàájì wo ilẹ̀. "Ó sọ nǹkan kan."

Àlàájà gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Fi sísàlẹ̀. Bí kàfíìlì yín bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, kí ó wá bi wá léèrè. Gbogbo ìjọ Ìwó máa bá a lọ."

Àlàájì Ṣíttù ká bébà náà, ó fi sápò. Kò ya á. Mo ń wò ó bó ṣe wọ àpò lọ, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ kí n máa rántí pé ó wà níbẹ̀.

Mo di kọ̀ntéínà yẹn fún ọjọ́ méjì gbáko. Dítà ki ọwọ́ bọ gbogbo ibi tó lè kì í bọ̀ ní èbúté, ọwọ́ rẹ̀ kò wọ ibì kankan. Ó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìjì mú ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà, pé kọ̀ntéínà tó wà lápá ọ̀tún sọkún, tapá òsì bì, tèmi ń kírun. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní Àpápá, kẹ́ẹ̀gì kan kò tilẹ̀ làágùn.

Ìkáámà mi kò lọ, àmọ́ títí mo fi kúrò ní Jídà tí mo padà sí Ìkirè, Àlàájì Ṣíttù kò sọ fún mi pé kí n má bínú. Òun náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n sọ fún mi pé níbi tó bá jókòó sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó máa ń sọ fún àwọn tó ń ṣe kágò lónìí pé, "Omi, ìsàlẹ̀ ni. Èmi ni mo fi kọ́ Láṣísì." Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ bá a jà. Àwọn mìíràn ní kí n fi í fún Ọlọ́run, kí n sọ ìbínú náà nù, mo ti dàgbà.

N kò lè sọ ọ́ nù. Ẹrù tèmi ni. Àmọ́ mo mọ iṣẹ́ mi. Ohun tó wúwo jù nínú ohun tí mo kó bọ̀ láti Jídà nìyẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi í sí. Mo to ẹ̀rín lé e lórí, mo to àwọn ọmọ-ọmọ mi lé e lórí, mo to ìtàn ológbò yẹn lé e lórí. Ẹ ki ọwọ́ yín bọ̀ ọ́ wò. Ó dúró.